Ìrora ti lọ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì gan. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Arìnpẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì pààrọ̀ oríkèé ìbàdí mi ọ̀tún, nítorí pé làkúrègbé ti jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé díẹ̀ ní oṣù kan ààbọ̀ báyìí. Ìrora tí kì í jẹ́ kí n sùn lóru ti lọ, ojú ọgbẹ́ ti jinná dáadáa, mo sì ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo rìn kiri inú ilé. Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún èyí.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ẹsẹ̀ náà gan. Mi ò lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra mi, mi ò lè gé èékánná ẹsẹ̀, bí nǹkan bá sì bọ́ sílẹ̀, àfi kí n pe ẹlòmíràn kó wá bá mi mú un. Bí mo bá jókòó pẹ́ tí mo sì fẹ́ dìde, iwájú itan mi á máa fà, n ó sì tẹ̀ síwájú rìn díẹ̀ kí n tó lè nà ró. Ó tún ń ṣe mí bíi pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún gùn ju èkejì lọ. Àbúrò mi ní kí n máa fi agbára tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi gbà. Ọmọ mi ní kí n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí oríkèé má bàa yẹ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, kí n sì mọ bí àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ṣe ń bá ìgbòkègbodò ojoojúmọ́ wọn lọ.

Olùtọ́jú Iṣan dáhùn pé:

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mo ń ṣe, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí tàbí ti orúnkún fún ni mo sì ń tọ́jú jù. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa eré ìdárayá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ yín léèrè ibi tó gbà dé oríkèé náà, bóyá ẹ̀yìn ni, bóyá ẹ̀gbẹ́ ni, tàbí iwájú. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ irú ìṣísẹ̀ tó léwu fún yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló gbà, iṣan àti awọ tó di oríkèé mú láti ẹ̀yìn ni wọ́n là tí wọ́n sì rán padà, nítorí náà ohun tó lè mú un yẹ̀ ni kí ẹ tẹ ìbàdí kọjá 90 dígírì (bíi kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ nígbà tí ẹ bá jókòó), kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà kọjá sórí èkejì, tàbí kí ẹ yí orúnkún àti ìka ẹsẹ̀ wọnú. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lẹ́ẹ̀kan náà ni ewu rẹ̀ ga jù. Bó bá jẹ́ iwájú ló gbà, nína ẹsẹ̀ sẹ́yìn jìnnà àti yíyí i síta ni wọ́n sábà máa ń kìlọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kí a pa irú òfin báyìí mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, àwọn mìíràn kì í sì í fi òfin púpọ̀ lélẹ̀. Ẹnu dókítà yín ni kí ẹ ti gbọ́ èyí tó kàn yín.

Ní ti ọ̀rọ̀ àbúrò yín àti ti ọmọ yín, mi ò lè gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Oríkèé tuntun náà fúnra rẹ̀ kò gan. Láti ìgbà tí John Charnley, dókítà oníṣẹ́ abẹ egungun, ti gbé irú oríkèé àtọwọ́dá tó ṣe é gbára lé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1962, orí róbótó tó ń yí nínú ife dídán, tí bí wọ́n ṣe ń fara ha ara wọn kò sì tó nǹkan, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹran ara tó yí oríkèé ká ló gan. Ní gbogbo ọdún tí ìbàdí yẹn fi ń ro yín, ẹ kò nà án tán, ẹ kò sì tẹ̀ ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn iṣan iwájú rẹ̀ ṣe súnkì tí àwọn iṣan ìdí sì di ọ̀lẹ. Iṣẹ́ abẹ kì í tún ìyẹn ṣe lójú ẹsẹ̀; kódà ó tún fi ara wíwú àti àpá inú kún un. Bí ẹ bá fi agbára tẹ iṣan tó ṣì ń jinná, ńṣe ni yóò tún wú, tí yóò sì le ju ti àná lọ. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, àpá yóò lẹ̀ mọ́ra, iṣan yóò sì máa kúrú sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo èyí ni pé agbára iṣan ló yẹ kó ṣáájú, kí títẹ̀ tẹ̀lé e. Iṣan tí kò lágbára máa ń gan láti dáàbò bo oríkèé tí kò lè gbé dúró. Bó bá ti ń lágbára, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tú sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ máa fa gìgísẹ̀ yín lórí bẹ́ẹ̀dì bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ìdí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tún tì í padà, láìjẹ́ kí orúnkún yí wọnú. Ẹ fún ẹran ìdí yín pọ̀, kí ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ di tábìlì tó dúró ṣinṣin mú, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́, láìjẹ́ kí ara yín tẹ̀ sí òdìkejì. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí yìí ni kì í jẹ́ kí a máa tiro, òun ni mo sì máa ń ṣàníyàn lé lórí jù. Ìgbà díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ sàn ju wákàtí kan gbáko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìrora tó tẹ̀lé e bá ti lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ wà lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ìrora tó ń gún ní abẹ́nú itan, tàbí ìwú tí kò lọ, ẹ dín in kù.

Fún iwájú itan tó ń fà yín, ẹ má ṣe máa fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún sùn, bó ti wù kó tù yín lára tó, nítorí ńṣe ló ń jẹ́ kí ìbàdí wà ní títẹ̀ ní gbogbo òru. Ẹ máa dùbúlẹ̀ gbalaja fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nà sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fa orúnkún ẹsẹ̀ kejì wá sí àyà. Ẹ ó rí i tí iwájú itan náà yóò máa nà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n gba iwájú ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ kó tó ṣe èyí.

Ní ti ẹsẹ̀ tó dà bíi pé ó gùn, lọ́pọ̀ ìgbà, egungun ìbàdí tó ṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí iṣan tó súnkì ló ń fà á, ó sì máa ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun gbé gìgísẹ̀ bàtà kejì sókè títí wọn yóò fi wọn ẹsẹ̀ méjèèjì.

Àgbà Onípáàpàá dáhùn pé:

Ẹ kú ìdúró tì í, ìyá. Èmi náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá, mo sì ti ń rìn láìlo ọ̀pá tipẹ́. Àlàyé tí olùtọ́jú wa ṣe dára púpọ̀. Ti ìgbòkègbodò inú ilé ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé níbẹ̀ ni oríkèé ti ń ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ìdárayá nìkan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ dárúkọ, torí òun ló le jù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orí àga kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ẹsẹ̀ ti tẹ ìbàdí rẹ̀ kọjá 90 dígírì, bí òfin bá sì wà lórí yín, kò ì tíì yá. Títí di ìgbà náà, ẹ lo ike tí wọ́n ń fi okùn méjì fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀, ẹ lo ṣíbí bàtà ọlọ́wọ́ gígùn àti ọ̀pá tó ní ẹnu láti fi mú ohun tó bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wọ bàtà tí kò ní okùn. Mo mọ àwọn kan tí ojú ń tì láti lo nǹkan wọ̀nyí. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀ rárá. Nígbà tí dókítà bá tú yín sílẹ̀, ẹ jókòó sórí àga gíga, ẹ la orúnkún síta, kí ọwọ́ yín sì gba àárín orúnkún méjèèjì lọ bá ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn òde orúnkún, nítorí ìyẹn ló ń yí itan wọnú, tí olùtọ́jú wa ti kìlọ̀ fún.

Àga tí ẹ ń jókòó lé ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Kó ga débi tí orúnkún kò fi ní ga ju ìbàdí lọ, kó ní apá méjèèjì, kó má sì rì mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ sún síwájú, ẹ na ẹsẹ̀ tuntun síwájú díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti apá àga, kí ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá gbé yín. Ẹ gbé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ga. Ẹ má jókòó pẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Dídìde rìn díẹ̀ látìgbà dégbà ni oògùn tó dára jù fún gígan tí ẹ sọ yẹn. Nínú ọkọ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ìjókòó, ẹ fi ìdí lélẹ̀ kẹ́ẹ́kẹ̀ẹ́kẹ́, ẹ fara ti ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ wá yí ara àti ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pa pọ̀.

Lórí àtẹ̀gùn, bí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ni kó ṣáájú; bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tuntun àti ọ̀pá ni kó ṣáájú. Ọwọ́ òsì sì ni kí ọ̀pá yín wà nígbà tó jẹ́ pé ìbàdí ọ̀tún ni wọ́n ṣe.

Ọmọ Olùtọ́jú Ìyá Rẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Mo ń tọ́jú ìyá mi tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún, ọmọ yín ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù pé oríkèé lè yẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù asán, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí màmá máa ṣe ohun tí dókítà fọwọ́ sí fúnra wọn, bó tilẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìrànlọ́wọ́ tó dára jù tí mo rí ṣe ni pé mo ká ẹní kékeré kúrò nílẹ̀, mo kó wáyà kúrò lójú ọ̀nà, mo sì gbé ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ sí ibi tí ọwọ́ yóò ti tó o láìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín wà lára àwọn ohun wọ̀nyí: bí ìrora ńlá bá dé lójijì tí ẹsẹ̀ sì kúrú tàbí yí padà, tí wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún bá wú, tó ń ro, tó sì gbóná, bí ojú iṣẹ́ abẹ bá ń ṣomi tàbí tí ibà bá dé. Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí èémí kò já geere, ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí ẹ sáré gbé wọn lọ, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyá Arìnpẹ́ fèsì pé:

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀gbọ́n wa. Mo ti pe dókítà: ẹ̀yìn ni wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí n pa òfin mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ 12. Mo ti mú ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ orúnkún, àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo ń fi sí báyìí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé n ó tún lè kúnlẹ̀? Ìgbà wo ni mo lè ju ọ̀pá sílẹ̀?

Olùtọ́jú Iṣan dáhùn pé:

Àárín ẹsẹ̀ méjèèjì gan-an ni ìrọ̀rí yẹ kó wà, ìyá wa, nítorí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọjá sórí èkejì lójú oorun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kúnlẹ̀ padà lẹ́yìn tí dókítà bá ti gbà wọ́n láyè. Ẹ di ohun tí kò ní yẹ̀ mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ẹ sì sọ orúnkún ọ̀tún kalẹ̀ ṣáájú, kí ìbàdí tuntun lè nà dípò kó tẹ̀. Bí ẹ bá ń dìde, ẹsẹ̀ òsì ni kó wà níwájú kó gbé yín. Jíjókòó mọ́ gìgísẹ̀ àti lílóṣòó yàtọ̀ pátápátá, torí wọ́n ń tẹ ìbàdí jìnnà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹ ó fi bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí wọn.

Ní ti ọ̀pá, kì í ṣe kàlẹ́ńdà ni mo máa ń wò. Ẹ dúró síwájú dígí, ẹ fi ọwọ́ kan tábìlì, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀. Bí ìbàdí òsì bá já wálẹ̀ tàbí tí ara yín tẹ̀ sí ọ̀tún, iṣan ẹ̀gbẹ́ kò tíì gba iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pá sì ṣì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ju ọ̀pá sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń tiro ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìtiro ni, ó sì máa ń ṣòro láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlọsíwájú lè máa bá a lọ títí di ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fún iṣan ẹ̀gbẹ́ yẹn láyè, kí ẹ sì sọ fún wa ohun tí dígí bá fi hàn yín.