"Ìtóbi táyà" kọ́ o, ẹnu táyà ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé pélébé fáwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́ lo "ìtóbi táyà" dípò sáìsì, àwọn kan sì ti ń ní ó dáa, ó dáa. Èmi ò gbà. Ìtóbi á tan èèyàn jẹ ni.

Ẹ wò ó. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ayé àtijọ́, èyí tó ń fi ọ̀pá irin ṣe bíréèkì yẹn, 28 ni wọ́n ń pe táyà ẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ń ti Hóláńdì wá, 28 náà ni wọ́n kọ sí tiẹ̀ lára. Ẹ bọ́ tọ̀hún fún tibí, kò ní bá a mu, torí tẹ́ ẹ bá wọn ìdábùú ibi tí táyà ti gbá ríìmù mú, 635 mílímítà ni ti Raleigh, 622 ni ti tòkunbọ̀. Mílímítà 13 péré o! Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi táyà 622 sórí ríìmù 635, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi ṣíbí wọ́ ọ tó máa wọlé, tó bá sì jẹ́ òdìkejì ni, ó máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ó máa fi póńpù fẹ́ ẹ lọ, àfi gbàù, táyà ti fò jáde, túùbù ti bẹ́. Ẹ tún wá gbọ́ o, èyí tí wọ́n ń pè ní 29 lára kẹ̀kẹ́ orí òkè, 622 kan náà ni. 28 ò bá 28 mu, 29 wá ń bá 28 mu, kí wá ni ìtóbi ń sọ fún wa níbẹ̀? (26 tiẹ̀ burú jù: 26 × 1 3/8 jẹ́ 590, 26 × 1.75 jẹ́ 559.)

Ikùn ìkòkò lè tóbi kẹ́nu ẹ̀ kéré, ẹnu lèèyàn sì ń wò ra ìdérí. Ikùn ni 28 àti 29 ń wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká pe ìdábùú ibi tí táyà ti gbá ríìmù mú, 622 tàbí 635 yẹn, ní ẹnu.

Ẹni tó ní ká pè é ní "ìjókòó táyà" gbìyànjú, àmọ́ lára kẹ̀kẹ́, ìjókòó ni ibi tá à ń gbé ìdí lé, ọmọ iṣẹ́ tó bá ka "ìjókòó 622" síìtì ló máa lọ wò. "Ìdábùú òbírí ìjókòó etí táyà" ńkọ́? Háà, mẹkáníìkì á ti lẹ túùbù tán kẹ́ ẹ tó pè é parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní sáìsì, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà téèyàn máa wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nítòsí 28 × 1 5/8 × 1 3/8 tí wọ́n kọ gàdàgbà, 37-622 máa ń wà níbẹ̀ wínníwínní. Fífẹ̀ 37, ẹnu 622, ó tán. Fífẹ̀ lè yí díẹ̀ tí fọ́ọ̀kì àti mọ́gáàdì bá gbà á, àmọ́ ẹnu ò lè yí, torí wáyà tó wà nínú etí táyà kì í fà.

Ẹni tó bá máa ní "ẹnu" lè dàrú mọ́ ibi tá à ń ki póńpù bọ̀, túùbù ló ni ìyẹn, fáàfù la sì ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó kúrú ju ẹnu lọ ẹ mú un wá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìtóbi kúrò kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.