Àbọ̀ lórí ológbò ẹ̀yìn ilé wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wá jábọ̀ lórí abo ológbò aṣáko tí mo béèrè bí n ó ṣe mú un fọkàn tán mi. Oúnjẹ tí mo ń gbé sílẹ̀ lákòókò kan náà lójoojúmọ́, tí mo sì ń jókòó lókèèrè láì tẹjú mọ́ ọn, ló ṣiṣẹ́ jù. Láàárọ̀ àná, ó na ìrù sókè, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ìka mi. Inú mi dùn púpọ̀. N kò ní fipá gbé e, nítorí ológbò tí kò mọ ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 lẹ́yìn ìbí rẹ̀ kì í sábà fẹ́ ìgbámọ́ra. Ẹja la fi tàn án wọ àgò kí dókítà ẹranko tó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè mi parí.