"Ajere ìwẹ̀" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "òjò àtọwọ́dá"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé pélébé lórí bí a ṣe ń tún balùwẹ̀ ṣe dábàá pé kí a máa pe ṣáwà ní "òjò àtọwọ́dá". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, n kò lè fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún òjò gidi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi kẹ́míkà mú rọ̀ láti inú ìkuukùu.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé ohun mẹ́ta la ń fi ṣáwà pè: orí oníhò tí omi ń gbà tú jáde, àyè tí ènìyàn dúró sí, àti ìwẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí onílé bá ní, "Mo fẹ́ pààrọ̀ ṣáwà," ṣé orí yẹn nìkan ni òṣìṣẹ́ yóò tú ni, àbí kó fọ́ gbogbo táìlì ara ògiri?

Fún orí náà, mo mú "ajere ìwẹ̀" wá. Ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí lára ni ajere. Ẹnìkan lè sọ pé ajere kì í gba omi dúró. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn, kó pín omi sí tín-ín-rín tín-ín-rín. Èyí tí a kàn mọ́ àjà yóò jẹ́ ajere òkè, èyí tó ní rọ́bà gígùn nídìí yóò jẹ́ ajere àfọwọ́mú. Ìwẹ̀ ajere yóò wá yàtọ̀ sí ìwẹ̀ inú ọpọ́n. Àyè ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú ìwẹ̀.

"Àtúnṣe" pàápàá ń kó wa ṣìnà. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Bí páìpù bá ń jò tí a dí i, àtúnṣe ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọpọ́n kúrò, tí a fa páìpù gba ibòmíràn, tí a sì gbẹ́ pẹpẹ sínú ògiri fún ọṣẹ àti kànrìnkànrìn, àtúntò nìyẹn. Mo rọ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n kọ àtúntò sí ẹ̀yìn ìwé wọn.

Fún ilẹ̀ tó tẹ̀ sí ibi tí omi ń bá lọ, a ti ní "ìdagẹ̀rẹ̀". Kò sídìí láti dá òmíràn. Nǹkan bí sẹ̀ntímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń tó. Bó bá kéré jù, omi á dágún sílẹ̀, táìlì á sì máa yọ̀.

Ó ku ògiri kúkúrú tí ènìyàn ń gbẹ́sẹ̀ kọjá kó tó dé ojú ìwẹ̀. Àwọn kan pè é ní "ìdènà omi", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti wà fún ìsàlẹ̀ táìlì, níbi tí a ti ń tẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú símẹ́ńtì. "Bèbè" ni mo rí, bíi ti bèbè odò. Ojú ìwẹ̀ aláìníbèbè ni à bá máa pe irú èyí tí àgbàlagbà tàbí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀ láìgbẹ́sẹ̀ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín lẹ táìlì, kí ni ẹ̀ ń pe ògiri kúkúrú yìí níbi iṣẹ́?