Ta ni ó lè bá mi ka DNA àrùn tí ń pa ewùrà?

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ní oko wa nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ewé ewùrà a yọ àmì dúdú tóótòòtó, ìtàkùn rẹ̀ a sì gbẹ lórí igi tí ó lọ́ mọ́, bí ẹni pé iná jó o. Fọ́ńgọ́ọ̀sì Colletotrichum ni mo fura sí. Mo mọ̀ pé nígbà tí àrùn kọlu àlìkámà ní Bangladesh ní 2016, RNA (ẹ̀dà tí a dà kọ láti ara DNA) tí wọ́n kà láti ara ewé tó ní àrùn wà lára ohun tó fi hàn pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ilé àyẹ̀wò wo ni ó lè ṣe irú rẹ̀ fún àgbẹ̀ kékeré? Ṣé kí n sá ewé náà gbẹ ni, àbí kí n rì í sínú ọtí líle, kí ó má baà jẹrà lọ́nà?