Mo fẹ́ to fixie oníwíìlì kékeré, ẹnu bàtà mi ń gbá táyà iwájú

kukuru_bilisi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Orúkọ mi lókè yẹn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tán, mi ò ga, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 52 ni mí, ìyẹn tí mo bá na ọrùn dáadáa. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gun fixie, kẹ̀kẹ́ tí pẹ́dà ẹ̀ kì í dúró níwọ̀n ìgbà tí wíìlì bá ń yí, oníwíìlì ńlá 700C, mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ oníjíà ò wù mí gùn mọ́, àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ yí kọ́nà níbi tó há, ẹnu bàtà mi á lọ gbá táyà iwájú. Ẹ sì mọ bí fixie ṣe rí, kò sí pé èèyàn ń sinmi ẹsẹ̀ kó tó kọjá, pẹ́dà ń yí lọ ni, tí bàtà bá ti há mọ́ táyà báyìí ó di ilẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi balẹ̀, kò tíì jinná bí mo ṣe ń tẹ eléyìí.

Ni mo bá ní kí n kúkú to òmíràn tí wíìlì ẹ̀ máa kéré. Nǹkan méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, kí n yọ wíìlì 700C kúrò lára férémù track (ti eré ìje inú pápá) tí mò ń gùn yìí kí n fi ti ínǹṣì 26 sí i, lójú tèmi kò ní wàhálà. Ìkejì, mo ní férémù MTB (kẹ̀kẹ́ orí òkè) àtijọ́ kan tó jẹ́ ti 26, irin ni, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́ àyàfi fọ́ọ̀kì. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní ínǹṣì 20 bíi ti BMX, kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń dárà, ni kí n ṣe. Èwo ni kí n mú? Ní báyìí jíà iwájú ní eyín 46, ti ẹ̀yìn 17, kránkì (apá tó di pẹ́dà mú) gùn ní mílímítà 170. Bó ṣe le yẹn gan-an ló bá ẹsẹ̀ mi mu, mi ò fẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

BabaSheeni

Pẹ̀lẹ́ o, ìgbọ̀nwọ́ á jinná. Má fi 26 sínú férémù track yẹn o. Òun ló jọ pé ó rọrùn jù, òun náà ló máa dá ẹ lágara jù.

Ibi tí ẹnu táyà ti ń jókòó sórí rímù, 622 mílímítà ni fún 700C, ti 26 MTB jẹ́ 559. Ìyẹn ni pé rímù á sún kúrò níbi tí bíréèkì ti ń gbá a mú ní mílímítà 31 àtààbọ̀. Bíréèkì ara fọ́ọ̀kì yẹn ò ní lè débẹ̀, àfi tó o bá rí èyí tí apá ẹ̀ gùn gan-an, bóyá náà ni. Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé fixie ò nílò bíréèkì iwájú. Tí ṣéènì bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí lo máa fi dúró?

Ti pẹ́dà ló wá burú jù. Wíìlì kékeré á sọ gbogbo kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Tó o bá lo táyà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ibi tí kránkì ti ń yí á fi mílímítà 31 yẹn wálẹ̀, tó o bá sì lo táyà 40 tó sanra (mílímítà 40 ni fífẹ̀ ẹ̀), ó ṣì máa wálẹ̀ tó 16, ìyẹn tí táyà 40 bá tiẹ̀ gba àárín fọ́ọ̀kì track kọjá. Ẹni tó ní fíríwíìlì (jíà tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi), tó bá fẹ́ tẹ̀ sí kọ́nà, á gbé pẹ́dà inú sókè á sì dá ẹsẹ̀ dúró. Ìwọ ò lè dá a dúró. Pẹ́dà inú á wálẹ̀ bó o fẹ́ bó o kọ̀, á gbá ilẹ̀, táyà ẹ̀yìn á fò. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí tí mo rò pé mo gbọ́n, kọ́nà kẹta péré ni mo dé. Ó lè ní o máa lo kránkì tó kúrú, láti 170 sí 165 mílímítà márùn-ún péré ló dá padà fún ẹ.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ò ní rí bákan náà mọ́. Tó o bá fa ìlà gba àárín ọ̀pá orí fọ́ọ̀kì wálẹ̀ bó ṣe dagun yẹn, iwájú ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀ ni ìlà yẹn máa ń balẹ̀ sí, àlàfo àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní trail, òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fẹ́ máa padà sáàárín fúnra ẹ̀. Férémù tí orí ẹ̀ dagun ní dígírì 73, tí fọ́ọ̀kì ẹ̀ yọ síwájú ní mílímítà 45, trail ẹ̀ á tó 56 lórí 700C. Fi 26 onítáyà 40 sí i, ó di 51, ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Fi 20 sí i, ó di 27, á máa ta gìrìgìrì bí ewúrẹ́ tí wọ́n fokùn fà.

Férémù MTB yẹn ni kó o mú. 559 ni wọ́n ṣe é fún, gíga pẹ́dà ẹ̀ bá a mu, ibi tí bíréèkì ń jókòó sí bá a mu, iwájú ẹ̀ sì sábà máa ń gùn ju ti track lọ, ìyẹn gan-an ni bàtà ẹ nílò. Nǹkan kan ṣáà ni kó o lọ wò kó o tó ṣe ohunkóhun: ẹnu férémù lẹ́yìn níbi tí áàsù (irin àárín wíìlì) ń wọ̀, ṣé ó nà gbọọrọ ni àbí ó dúró ṣánṣán? Tó bá nà, wàá lè fa wíìlì sẹ́yìn títí ṣéènì á fi le. Tó bá dúró ṣánṣán, wàhálà dé nìyẹn, torí irin onísípíríǹgì tí wọ́n fi ń fa ṣéènì kò wúlò lára fixie, tó o bá ti ti ẹsẹ̀ padà, ìsàlẹ̀ ṣéènì ló máa le, á fa nǹkan yẹn já.

Ti jíà ò le rárá. Fi 17 pín 46, kó o wá fi ínǹṣì 26.5 tó jẹ́ gíga wíìlì ẹ báyìí sọ ọ́ di púpọ̀, ó tó 72, nọ́ńbà tó ń sọ bí jíà ṣe le nìyẹn. Wíìlì 26 tó ní táyà 40, gíga ẹ̀ gan-an tó 25. Fi 16 sẹ́yìn dípò 17, 72 náà nìyẹn padà.

pedali_o_duro

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má pa 20 tì báyẹn jàre. Ẹ ò ní fi 20 sínú férémù 700C, ẹni tó bá ṣèyẹn fẹ́ kú ni. Férémù tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni, tí fọ́ọ̀kì ẹ̀ ò yọ síwájú púpọ̀, tí ibi tí kránkì ti ń yí sì ga ju áàsù lọ. Èyí tí mò ń gùn nìyẹn, bàtà mi àti táyà ò tíì pàdé rí, ó ń bá mi wọ elevator láìgbé e dúró.

Jíà ló yàtọ̀. Wíìlì 20 tí rímù ẹ̀ jẹ́ 406 tó ní táyà 40, gíga ẹ̀ tó ínǹṣì 19, kó o tó rí 72 yẹn wàá nílò 53 níwájú, 14 lẹ́yìn. Ṣọ́ra fún 52 sí 13 o, èmi ti fara gbá a. Mẹ́rin géérégé ni, pẹ́dà yí lẹ́ẹ̀kan, táyà yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti skid, ojú kan náà ni táyà ẹ̀yìn fi ń wọ́ nílẹ̀, ibẹ̀ á fẹ́lẹ́ tán nígbà tí ibi tó kù ṣì tuntun. Olóògbé Sheldon Brown, mẹkáníìkì tó máa ń kọ̀wé nípa kẹ̀kẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ṣàlàyé ẹ̀ kí n tó ra nǹkan kan, èmi ni ò kà á. Ẹ já nọ́ńbà méjèèjì wálẹ̀ títí kò fi ní ṣeé já mọ́, èyí tó bá kù nísàlẹ̀ ni iye ojú tí táyà á máa jẹ. 52 sí 13, ojú kan. 53 sí 14, ojú mẹ́rìnlá.

Àléébù ẹ̀ ni pé kòtò kékeré ni kànga fún un. Kò ya èèyàn lẹ́nu pé nígbà tí Alex Moulton gbé kẹ̀kẹ́ oníwíìlì kékeré tiẹ̀ jáde lọ́dún 1962, ó fi rọ́bà tó ń gba jìgìjìgì sí i níwájú lẹ́yìn. Táyà náà ń tètè jẹ, kìlómítà kan péré ó ti yí bíi 655, ti 700C ò ju 475 lọ.

Ẹ tún rántí pé 20 ju ọ̀kan lọ, 406 wà, 451 wà, táyà ọ̀kan ò wọ èkejì.

oju_ona

Ìbéèrè òmùgọ̀ o, ṣé kò ní ṣeé ṣe kó fi kékeré síwájú nìkan? Àwọn ará Amẹ́ríkà gun irú ẹ̀ ní Òlíńpíìkì 1984, ti iwájú kéré, ti ẹ̀yìn tóbi.

BabaSheeni

@oju_ona férémù tí wọ́n ṣe fún un lọ́tọ̀ ni wọ́n fi gùn ún. Iwájú férémù tiẹ̀ yìí á rẹlẹ̀ jù, orí fọ́ọ̀kì á dúró ṣánṣán jù, trail á tún dínkù. UCI, ẹgbẹ́ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, gan-an ti ní kí wíìlì méjèèjì dọ́gba fún eré track àti ti títì.

iya_sipoku

Ẹ ti sọ̀rọ̀ jíà tán, kò sẹ́ni tó dárúkọ họ́ọ̀bù, àárín wíìlì tí sípóòkù ti ń jáde.

Họ́ọ̀bù track, mílímítà 120 ni fífẹ̀ ẹ̀. Ẹnu MTB àtijọ́ lè jẹ́ 130, ó sì lè jẹ́ 135. Wọn ọ́n dáadáa. Má fi nọ́ọ̀tì fún férémù pa títí á fi sún mọ́ra, wásà ni kó o fi dí i, ìlàjì lápá ọ̀tún, ìlàjì lápá òsì, kí wíìlì lè wà láàárín, wàá sì nílò áàsù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi họ́ọ̀bù fíríwíìlì àtijọ́ tan ẹ́ jẹ. Jíà fixie á wọ ojú nọ́ọ̀tì ẹ̀ dáadáa torí bákan náà ni ojú wọn, ohun tó ń tan èèyàn jẹ gan-an nìyẹn. Họ́ọ̀bù fixie ní ojú kejì fún lockring, òrùka tó ń ti jíà mọ́lẹ̀, òdì ló ń yí, apá òsì lo máa yí i sí kó tó le, nítorí náà bó o bá ti ẹsẹ̀ padà tí jíà fẹ́ tú, lockring á dá a dúró. Họ́ọ̀bù fíríwíìlì ò nírú ẹ̀. Mo gun ọ̀kan nígbà tí mo ṣì kéré lọ́gbọ́n, mo ti ẹsẹ̀ padà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jíà tú, pẹ́dà ń yí sẹ́yìn lófo bíi ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ bíréèkì ò sí lára ẹ̀. Ògiri ló gbà mí.

Sípóòkù 700C ẹ ò ṣeé lò, ó gùn jù fún rímù 559 ní nǹkan bíi mílímítà 30. Ihò rímù àti ti họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà, 32 sí 32, 36 sí 36. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe 20, má hun ún ní ìkọjá mẹ́ta (kí sípóòkù kọ̀ọ̀kan kọjá mẹ́ta míì) bíi ti wíìlì ńlá, àgàgà tí etí họ́ọ̀bù bá fẹ̀, sípóòkù á dagun jù níbi tó ti wọ rímù, ìkọjá méjì tàbí ẹyọ kan ti tó.

Nǹkan ìkẹyìn, kó o tó ra jíà iwájú, rọra gbé 46 yẹn sí i kó o wò ó. Apá ẹ̀yìn férémù MTB fẹ̀ síta torí táyà ńlá.

kukuru_bilisi

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wọn ọ́n: ẹnu ẹ̀yìn nà gbọọrọ, ọpẹ́ o! Fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 130, wásà mílímítà márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Àmọ́ mọ̀mí, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sọ ọ́, 46 yẹn ń ha férémù. Tí mo bá sún un síta kó má baà ha mọ́, ṣéènì ò ní tọ́ sí ti ẹ̀yìn mọ́. Kí ni kí n ṣe?

BabaSheeni

Má sún nǹkan kan. Ṣéènì fixie gbọ́dọ̀ tọ́ bí ọfà, tó bá wọ́ á máa pariwo, ó sì lè já bọ́ lójijì. Dín méjèèjì kù ni. 39 níwájú, 14 lẹ́yìn, ó tó 70, ó fúyẹ́ díẹ̀ ju tìẹ lọ, o ò ní fura. 40 sí 14 sún mọ́ 72 yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ojú méje péré ló máa fi jẹ táyà, 39 ń fún ẹ ní mẹ́rìnlá, tó o bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń skid yálà ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà níwájú tàbí òsì, ó di méjìdínlọ́gbọ̀n. Eyín kékeré ń tètè jẹ ju eyín ńlá lọ o, máa wò ó.

kukuru_bilisi

Mo ti tò ó! Mo fi 39 sí 14, kránkì 165, V-brake níwájú. Mo lọ sí kọ́nà tó bì mí ṣubú yẹn, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àlàfo bí ìka méjì ló wà láàárín bàtà àti táyà. Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò ní parọ́, ìjókòó náà ṣì ń dùn mí díẹ̀. Ó kù kí n tún lockring dè, mo gbọ́ tó dún kọ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ti ẹsẹ̀ padà.

iya_sipoku

Kọ́kọ́ fi gun òkè kan tó ga dáadáa, kó o tẹ̀ ẹ́ lágbára, òkè ló máa mú kí jíà wọlé tán. Ìgbà yẹn ni kó o wá tún lockring dè. Ọwọ́ òsì o, má gbàgbé.