Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: omi tánkì wa kì í pé ọjọ́ kan. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa ṣọ́ omi lò?

Ìyá Bọ́dé (Apẹtẹ, Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èèyàn méje ni wá nínú ilé: èmi, bàbá àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́rin, àti ìyá ọkọ mi. Omi bọ́hóòlù la ń lò. Tánkì lítà 1,000 kan ló wà lókè, àràárọ̀ la sì ń fa omi kún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ̀rọ ilé ìdáná á ti máa tú atẹ́gùn. Bí kò bá sí iná, jẹnẹrétọ̀ la fi ń fà á, owó bẹntiróòlù sì ti ń ni wá lára gan-an.

Mo ní ká máa ṣọ́ omi lò. Bàbá Bọ́dé ní kí la fẹ́ ṣọ́ ọ sí, pé omi Ọlọ́run ni, inú ilẹ̀ la ti ń fà á, inú ilẹ̀ náà ló ń padà sí. Mi ò rí èsì fún wọn. Ṣùgbọ́n kànga ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ló máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá sẹ́nu géètì wa kó tó lọ síléèwé. Nígbà míì á ti dúró títí kí ẹnikẹ́ni wa tó jí. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹ̀rọ tó ń dà ṣòròṣòrò tí ẹni tó ń fọ abọ́ sì yíjú síbòmíì, ara mi kì í gbà á.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé omi tí ìdílé kan ṣoṣo bá ṣọ́ lò jámọ́ nǹkan kan? Bó bá jámọ́ nǹkan, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Agbẹ́kànga

Ẹ kú ilé, mà. Iṣẹ́ bọ́hóòlù ni mo ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá. Ẹ bá mi kí bàbá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, omi Ọlọ́run ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Ọlọ́run fi pamọ́ sí lábẹ́ Ìbàdàn.

Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pè mí ló gbà pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilé àwọn. Kò sí odò níbẹ̀. Omi òjò ló ń rìn wọ inú yangí àti ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta lórí, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì wọ ibi tí àpáta ti sán. Ibi tó sán yẹn gan-an la máa ń wá kiri. Bí kànga mẹ́wàá bá wà ládùúgbò, ó lè jẹ́ pé ojú sísán kan náà ni gbogbo wọn ti ń mu. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń gbẹ́ iyanrìn etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fi igbá bu omi: bí ẹ bá ṣe ń bu àárín, bẹ́ẹ̀ ni etí á máa gbẹ. Ohun tí pọ́ọ̀ǹpù ń ṣe nínú ilẹ̀ nìyẹn. Bọ́hóòlù yín jìn. Kànga tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ kò jìn tó bẹ́ẹ̀, ìyá yẹn ló máa kọ́kọ́ rí ìsàlẹ̀ kànga tiwọn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí padà sí ilé kan tí omi wọn ò wá mọ́. Nígbà tí mo gbẹ́ bọ́hóòlù wọn, òun nìkan ló wà ládùúgbò yẹn. Lọ́jọ́ tí mo padà débẹ̀, mo dúró lórí dẹ́ẹ̀kì wọn, mo ka òpó tánkì mọ́kànlá.

Ní ti pé omi ń padà sínú ilẹ̀: ó ń padà lóòótọ́, sókèwéè ló ń gbà kọjá. Ìyá tó ń fa omi kànga lẹ́yìn fẹ́ǹsì ò ní gbàdúrà pé kó tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn. Èyí tó bá gba gọ́tà lọ, ẹ dágbére fún un, kò ní padà wọ àpáta yín.

(Ẹni tó bá wà l'Ékòó, tiyín yàtọ̀. Iyanrìn ló pọ̀ lábẹ́ yín, omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá òkun, bí fífà bá pọ̀ jù, omi iyọ̀ ló ń wọlé wá rọ́pò rẹ̀.)

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ má bínú sí mi, ìyá wa, mi ò ta ko yín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí tí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ omi lé ìyàwó ilé àti ọmọ tó ń fọ abọ́ lórí. Láti 1942 ni adágún Eléyelé ti wà nílùú yìí fún omi ẹ̀rọ. Àwọn òbí wa mu ún. Lónìí, mélòó nínú wa ni omi ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Páìpù kan bẹ́ lójú títì wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni omi fi ń ṣàn lọ kó tó di pé wọ́n wá dí i. Ọdún mélòó ni ìdílé kan máa fi ṣọ́ omi kó tó tó ìyẹn? Tí ẹ bá tún wo gbogbo ayé, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí ọmọ aráyé ń fà lò, oko ló ń lọ. Ká má fi gbogbo ara pariwo lé omi abọ́ lórí, ká gbàgbé àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́.

Aṣepáìpù

Ọmọ Mọ́kọ́lá, òótọ́ lo sọ nípa páìpù tó bẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́dé ò fa omi ìjọba, owó epo ara wọn ni wọ́n ń sun.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan omi ìwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lítà 1,000 lójúmọ́ fún èèyàn méje, nǹkan bí lítà 140 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lítà 50 sí 100 ló ń gbọ́ bùkátà èèyàn kan lójúmọ́: mímu, sísè, wíwẹ̀, fífọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀ kan kì í sábà ju lítà 20 lọ. Nítorí náà, àwọn èèyàn yín kọ́ ló ń lo gbogbo omi yẹn. Ó níbi tó ń jò lọ.

Ohun tí mo máa ń ní káwọn oníbàárà mi ṣe nìyí. Ní alẹ́, tí gbogbo yín bá ti ṣe tán, ẹ ti ọ̀pá gbígbẹ tó mọ́ bọ inú tánkì títí ó fi kanlẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí omi dé. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ láàárọ̀, ẹ tún ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, ẹ kọjú sí WC. Ẹ bu búlúù tí a fi ń ṣan aṣọ funfun, díẹ̀ báyìí, sínú àpótí omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ má fà á fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ nínú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà tó ń dí ìdí àpótí yẹn ti jẹ. Kì í pariwo bíi ẹ̀rọ tó ń kán. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí lára àwo ló ń gbà, ojú lásán ò rí i, tọ̀sán-tòru sì ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn WC àtijọ́ máa ń gba lítà 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan tí a bá fà á. Bí èèyàn méje bá fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ó ti lé ní lítà 300, ìdá mẹ́ta tánkì yín nìyẹn. Ẹ rọ omi kún ike lítà kan àbọ̀, kí ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e sínú àpótí náà. Iye omi tó bá dúró nínú ike ni àpótí ò ní gbà mọ́. Ẹ má gbé bíríkì síbẹ̀ o. Ó máa ń rún, iyanrìn rẹ̀ ló sì máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Ìyá Bọ́dé (Apẹtẹ, Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Alẹ́ yìí ni màá ti ọ̀pá bọ tánkì. Màá padà wá jẹ́ yín lábọ̀.

Àjòjì Gúúsù

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Mọ́kọ́lá ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí ó ṣojú mi. Cape Town ni mò ń gbé ní 2018. Òjò ti kọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn adágún wọn ti fà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún yẹn, wọ́n ní lítà 50 lẹnì kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá lójúmọ́. Wọ́n ti pinnu pé bí adágún bá fà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn á ti ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ilé pa, kí oníkálùkù lọ máa tò láti gba lítà 25. Inú ọpọ́n la ti ń wẹ̀. Omi tó kù nínú ọpọ́n, òun la fi ń ṣan WC. Ìyàwó mi máa ń gbé ọpọ́n yẹn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kó má baà dà sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ti ẹ̀rọ pa yẹn ò dé. Omi tí ìlú náà ń lò lójúmọ́ dín kù ju ìlàjì lọ sí ti ọdún mẹ́ta ṣáájú, òjò sì padà rọ̀ nígbà tó yá. Kì í ṣe ilé nìkan ló ṣe é o. Wọ́n dín omi oko kù, wọ́n dín agbára tí omi fi ń sáré nínú páìpù kù, wọ́n ń wá ibi tó ń jò. Àbúrò mi, ìjọba ṣe tiẹ̀, ilé ṣe tiẹ̀. Ká ní àwọn ilé sọ pé ó dìgbà tí oko bá kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, à bá ti tò.

Alhaji Ọ̀jẹ́

Ní tèmi, àlùwàlá ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Ẹ̀rọ là ń ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní mọ́sálásí wa. A ra búùtà méjìlá. Omi búùtà kan ń tó ẹnì kan tán, ó máa ń ṣẹ́kù pàápàá.

Mọ̀mí Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ. Abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ni mo dàgbà sí. Odò la ti ń pọnmi, àmù dúdú ìyá mi sì wà nígun ilé lórí iyanrìn tútù. Ẹni tó bá rú omi àmù yẹn, tàbí tó da ìyókù inú kèrègbè nù, ó máa gbọ́ tẹnu ìyá mi. Omi tí a fi ṣan aṣọ gbẹ̀yìn la fi ń fọ ilẹ̀. Omi ìfọ̀rẹsì ń lọ sídìí ẹ̀fọ́. Ìyẹn dáa, ẹ máa ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, Ìyá Bọ́dé, torí mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ omi débi tó fi di ìyà. Ẹ má ṣọ́ omi ìfọwọ́ láéláé. Ẹni tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀, ẹni tó fẹ́ bọ́ ọmọ lóúnjẹ, kó fọwọ́ rẹ̀ tọṣẹtọṣẹ kó mọ́. Ẹ ò gbàgbé bí onígbáméjì ṣe jà l'Ékòó ní 2024. Omi tí ẹ fi fọ adìyẹ tútù tàbí ẹran, ẹ dà á nù, kì í ṣe omi àlòtúnlò. Ọmọbìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ má ka bọ́kẹ́ẹ̀tì fún un, kò sì yẹ kó máa ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ yín náà, ìdí àgbà ń fẹ́ omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ti abọ́, ọpọ́n méjì. Ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan. Ẹ kọ́kọ́ nu epo ọbẹ̀ kúrò lára àwo, ìyẹn ló ń jẹ omi.

Olórùlé

Òjò ń bọ̀ lọ́nà, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ kọjá lọ. Ìṣirò rẹ̀ ò le: òjò mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Bí páànù yín bá jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, òjò mìlímítà 10, tó jẹ́ òjò ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, máa fún yín ní nǹkan bíi tánkì kan, bí díẹ̀ tilẹ̀ ta dànù. Ẹ fi gọ́tà gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rò. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ erùpẹ̀ ọyẹ́ kúrò lórí páànù dànù ná. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù nítorí ẹ̀fọn. Fún aṣọ, ilẹ̀ àti WC ni o, kì í ṣe fún mímu.

Ìyá Bọ́dé (Apẹtẹ, Ìbàdàn)

Mo padà dé. Ẹ kú àdúrótì mi.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo sàmì sí ọ̀pá. Aago márùn-ún àárọ̀, Bàbá Bọ́dé ní àwọn fúnra wọn ló máa gun àkàbà. Wọ́n fa ọ̀pá yọ, wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sí i, wọn ò sọ̀rọ̀. Omi ti fi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo wa sùn. Tánkì wa ga tó sẹ̀ǹtímítà 110, nítorí náà lítà 9 ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Lítà 72 láàárín wákàtí méje! Tí ẹ bá dà á sí ojúmọ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin tánkì, kò sì sẹ́ni tó fi bọ́jú.

A bu búlúù sí WC méjèèjì. Ti iyàrá ìyá, àwo rẹ̀ funfun gbòò. Tiwa, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìlà búlúù kan tín-ínrín ti ń rọ́ wálẹ̀ lára àwo. Mo pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó. Rọ́bà tí wọ́n yọ níbẹ̀ ti le bí awọ bàtà gbígbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ká.

A pààrọ̀ rọ́bà, a gbé ike sínú àpótí méjèèjì, a sì ra ọpọ́n abọ́ méjì. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la fa omi, ó di àárọ̀ Ọjọ́rú ká tó tún fà á. A ò fọwọ́ kan omi ìwẹ̀ ẹnikẹ́ni, Mọ̀mí.

Bàbá Bọ́dé ti ní kí wọ́n fa ẹ̀rọ kan síta fẹ́ǹsì kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ọmọ yẹn má dúró de géètì mọ́. Ẹ̀gbọ́n Aṣepáìpù, irú ẹ̀rọ wo ló dáa síbẹ̀, tí ọmọdé á lè tì pa dáadáa?

Aṣepáìpù

Ẹ ra ẹ̀rọ onídẹ, èyí tó ní apá gígùn tí wọ́n kàn ń dábùú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó fi tì. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń lọ́ yíyíyí, ọmọdé kì í lọ́ ọ délẹ̀. Kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀ ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ, kí wọ́n sì da kọnkéré pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kí kẹ́ẹ̀gì lè dúró fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ò ní máa gbé e dání títí tó fi máa kún.