Kí ni mo rí lójú ọ̀run lálẹ́ àná?

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Bí aago 9 alẹ́ àná, mo ń ká aṣọ lórí okùn n'Ísẹ́yìn, àgbàlá kàn mọ́lẹ̀ gbòò, mo rí òjìji ara mi lára ògiri. Mo gbójú sókè: iná aláwọ̀ ewé kan ń sáré lọ, ó fọ́ sí méjì, ó kú. Fóònù wà nínú ilé, ibi tó ti ń gba iná!

Mi ò gbọ́ ariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkúta kan já láti ojú ọ̀run ní Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2013, lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ ni ìró dé, ó fọ́ fèrèsé, èèyàn tó lé ní 1,000 fara pa.

Bí èyí tí mo rí bá jẹ́ irú rẹ̀, ṣé òkúta rẹ̀ lè ti balẹ̀ nítòsí? Ẹ̀yin ará Ṣakí àti Òkèhò, apá ibo lẹ ti rí i?